Páṣà Tó Wà Lórí Òkúta

Amasya,
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹwàá, 1935.

Nefise, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà, ìwọ àti ọkọ rẹ, pẹ̀lú ikọ́ rẹ̀ tí kì í tán? Ara tèmi le koko bí igi ápù. Orúnkún mi nìkan ló ń ṣe bí ẹni tó ń bínú sí mi.

Bàbá rẹ lé odidi ogún ènìyàn jáde ní itẹ́ òkú lánàá! Ó dáa, wọn ò pé ogún. Mẹ́ta ni wọ́n, ọ̀kan sì jókòó.

Ọ̀rọ̀ Rifat tó fẹ́ fẹ́ Sabiha ọmọ rẹ tó wà lọ́dọ̀ mi ni. Celal, ẹ̀gbọ́n bàbá Rifat, ń fi oyè bàbá-ńlá wọn yan fún wa: ó ní Páṣà ni. Ìjọba ti fòfin pa irú oyè bẹ́ẹ̀ rẹ́ lọ́dún tó kọjá, Celal ò gbọ́. Mo bi í pé iṣẹ́ wo ni Páṣà náà ṣe gan-an. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù, ọ̀gá ológun ni; lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti di gómìnà. Mo ní, “Sabiha, má bu tíì kẹta fún un o, kí bàbá-ńlá rẹ̀ má lọ di Súlútáánì.” Sabiha ò rẹ́rìn-ín.

Ara fu mi. Mo ní kí wọ́n mú mi dé sàréè náà. Láwàní tí wọ́n gbẹ́ sórí òkúta tóbi bíi ti Páṣà, àmọ́ ó funfun ju ọrùn tó gbé e lọ. Ta ní í wẹ orí láìwẹ ọrùn? Ó jọ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e ka ibẹ̀ ni. Celal ní, “Bàbá Hurşit, ṣebí ẹ gbọ́ kéwú. Ẹ kà á síta ká gbọ́!” Mo wọ awò ojú mi. Gbogbo ayé mọ̀ pé lẹ́tà Lárúbáwá mẹ́rin ni wọ́n fi ń kọ Páṣà láyé àtijọ́, méjì dúró ṣánṣán bí òpó. Èyí tí mo rí, wọ́n kó wọn léra bí igi ìdáná. Mo ní, “Páṣà kẹ̀? Olórí alásè ni wọ́n kọ síbí!” Celal ní kí àwọn èèyàn rẹ̀ máa bọ̀ nílé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti dá òrùka àdéhùn ìgbéyàwó tí Sabiha fún Rifat padà.

Kò tíì jẹun látàná. Ó kàn ń wò mí ni.

Kí Ọlọ́run pa ilé rẹ mọ́, kí ojú rẹ má rí ìtìjú ọmọ.

Èmi ni bàbá tó bí ọ,
Hurşit.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: ọjọ́ mọ́kànlá péré ni mo lọ sílé kéwú kí n tó sá. Lẹ́tà tuntun tí ìjọba fi rọ́pò ti Lárúbáwá, tí mo fi ń kọ èyí, nìkan ni mo mọ̀. Láàárọ̀ yìí mo mú Lèmọ́mù lọ síbi òkúta náà. Páṣà ni wọ́n kọ síbẹ̀. Rifat ló fọ láwàní yẹn, nítorí pé mò ń bọ̀. Mi ò tíì sọ fún Sabiha.