Sányán Bàbá Mi Lórí Ìtàgé

Bàbá mi àtàtà, ẹni tí Olúwa ti gbà sínú ìsinmi,

Mo kí yín láti Agége. Wọ́n ti gé oko obì yín tó wà lọ́nà Ìkẹjà. Ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́ síbẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé eré ìbànújẹ́ nìkan ni ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n kọ. Nínú èyí tí a ṣe ní gbọ̀ngàn ìjọ lẹ́yìn Àjíǹde, bàbá kan kú, ó sì padà wá sẹ́nu ọ̀nà láti pe aya rẹ̀. Ràfíù ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ọṣẹ, ló ṣe bàbá náà. Aṣọ tó yẹ àgbà kò sí lọ́wọ́ wa. Mo bá gbé sányán yín wọ̀ ọ́, èyí tó kàn mí nígbà tí ẹbí pín ẹrù yín.

Ìyá jókòó níwájú. Ràfíù yọ, ó wúkọ́ díẹ̀, bí ẹ ti máa ń ṣe kí ẹ tó wọlé, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́ o!" Orúkọ tí mo kọ fún un kọ́ nìyẹn; oríkì Ìyá ni. Ìyá dìde: "Ẹ káàbọ̀, olówó orí mi. Ẹ dúró, mò ń bọ̀."

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ó wà nínú eré ni. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ẹni tó bá dá òkú lóhùn yóò bá a lọ?

Mo bi Ràfíù níbi tó ti gbọ́ orúkọ náà. Ó rẹ́rìn-ín: "Wàláhì, ọ̀gá, ó kàn bọ́ lẹ́nu mi ni. Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Mo gba sányán náà, mo sì dá eré náà dúró. Síbẹ̀, Ìyá ń di ẹrù. Mo ka Ìwé Mímọ́ sí i létí. Mo ní Ràfíù lásán ni. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ ọwọ́: "Ìwọ tí ò ń pa irọ́ tà lórí ìtàgé, ìgbà wo lo dá òótọ́ mọ̀? Bàbá ẹ ní kí n má pẹ́."

Mo ti fi ọjọ́ ayé mi kọ́ àwọn ènìyàn láti sunkún lórí ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Mo gbàgbọ́ pé àwọn tó sùn nínú Olúwa kì í rìn kiri. Ta ló wá fi orúkọ yẹn sí Ràfíù lẹ́nu? Ṣé ẹ̀yin ni, Bàbá? Ṣé àárò yín tó ń sọ mí ni?

Ní àárọ̀ yìí, Ìyá ti wẹ̀, ó ti wé gèlè, ó gbé ẹrù rẹ̀ sórí itan. Ilẹ̀ ni mo jókòó sí, mo fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, orí orúnkún mi ni mo ti ń kọ èyí. Ilẹ̀kùn ń tì mí lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni ewé kan kò mì níta.

Bàbá mi, ẹ ò fi nǹkan dù mí rí. Ẹ yọ̀ǹda Ìyá fún mi díẹ̀ sí i. Òun nìkan ló kù tó ń pè mí lọ́mọ.

Èmi ni,
ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín, tó sì fi ẹ̀yìn dí ilẹ̀kùn mọ́ yín.