Góòlù Tí O Fún Bísíríyù

Ẹ̀pẹ́,
Ọjọ́ Jímọ̀.

Sàlímọ́nù ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ o. Ṣé ara le? Ṣé Èkó gbà ọ́ tọwọ́ tẹsẹ̀? Ìyá rẹ ń kí ọ, Kúlúsúmù àbúrò rẹ ń kí ọ, Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Omi ọ̀sà ti fà, ẹja kò fi bẹ́ẹ̀ wọ àwọ̀n mọ́, ṣùgbọ́n a ń jẹun.

Bísíríyù tí ẹ jọ ń gbá bọ́ọ̀lù ní ilé-iṣẹ́ yín wálé lọ́jọ́ Àìkú, láti ìgbà náà ni inú mi kò ti dùn. Ó ní góòlù ti wà nílẹ̀ fún ọ, ṣùgbọ́n bí o ṣe rí òun ẹ̀gbọ́n rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, o gbé e fún òun, òun sì sọ ọ́ nù. Ó ní òyìnbó tó ń kọ́ yín pè ọ́ ní ojo, ó sì yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tó ń lọ gbá bọ́ọ̀lù n'Íbàdàn. Mo ní ká dìde ká lọ wá góòlù náà, odidi góòlù kì í sọnù kí ènìyàn kàn máa wò, ìyá rẹ sì ti ń ṣírò yẹtí tí Kúlúsúmù yóò fi relé ọkọ. Bísíríyù rẹ́rìn-ín títí, ó ní góòlù tiyín kò ṣeé mú lọ́wọ́, inú àwọ̀n lẹ ń gbá a sí. Èwo wá ni ariwo, lórí ohun tí kò ṣeé tà?

Ọ̀rọ̀ ojo yẹn ló dùn mí. Nínú ọkọ̀ wa, ta ní í ju àwọ̀n ṣáájú ẹni tó jù ú lọ? Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Tísà Fáṣínà tó kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù níbí rí ọ tí o gbé bọ́ọ̀lù fún ẹni tó jù ọ́ lọ bẹ́ẹ̀ gan-an nígbà Iléyá, ó wá bá mi nílé, ó ní mo tọ́ ọmọ. Bọ́ọ̀lù kan náà, ẹsẹ̀ kan náà, Sàlímọ́nù! Bóyá òyìnbó yẹn kò ní ẹ̀gbọ́n ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n tìrẹ ló pọ̀ jù.

Mo ti fi ẹja gbígbẹ rán Bísíríyù sí òyìnbó náà, kó bá mi bẹ̀ ẹ́. Bí owó bá wà, fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, òwú àwọ̀n ti wọ́n. Ọlọ́run á fi ọ́ síbi tí wọn yóò ti mọ iyì rẹ.

Bí góòlù bá tún kàn ọ́, tí Bísíríyù sì wà níbẹ̀, má wojú rẹ̀. Gbá a. Ṣùgbọ́n bí o bá délé, tí a jọ wọ ọkọ̀, jọ̀wọ́, jẹ́ kí n kọ́kọ́ ju àwọ̀n.

Èmi bàbá rẹ,
Síkírù.