Àmín Mi Ló Pẹ́, Kì í Ṣe Ìfẹ́ Mi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ilé-iṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́.

Òkè òkun ni bàbá Rodiat, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́, ń gbé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a fi kọ̀ǹpútà pè wọ́n kí wọ́n lè rí mi. Hẹ́dísẹ́ẹ̀tì aláìníwáyà tí Rodiat rà fún mi ni mo lò, kí wáyà má baà fà mí bí mo bá dọ̀bálẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ohùn máa ń pẹ́ kó tó dé etí nínú rẹ̀.

Bàbá ṣàdúrà pé, "Ọlọ́run á so yín pọ̀." Wọn ò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu mi. Wọ́n ní, "Àbí o ò fẹ́ ẹ mọ́ ni?" Ìgbà yẹn gan-an ni àdúrà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé etí mi. Mo pariwo, "Àmín, bàbá!" Wọ́n pa ìpè.

Ẹ̀gbọ́n Rodiat ní kí n wá sílé àwọn ní Òkè-Àfá wá tọrọ àforíjì: "Ará oko, o rí bàbá wa fín!" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá ṣẹ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀." Wọ́n tún ní kí n sọ ẹ̀bùn Rodiat nù. Láéláé! Òun ni mo fi ń gbọ́ ètò yín.

Lọ́jọ́ Àìkú, màá fi oníwáyà pe bàbá. Màá gbé kọ̀ǹpútà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí wáyà lè tó mi. Torí ìkíni ni màá fi dọ̀bálẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé mo jẹ̀bi?