Ọ̀gá Dùbúlẹ̀: Ìtàn Ìgbésí Ayé Bàbá Wa, Tó Ya Fèrèsé fún Aláìsàn

Ọdún 1943 ni a bí Bàbá wa, nínú ilé onípákó kan lẹ́yìn ọgbà ilé ìwòsàn àtijọ́. Káfíńtà ni bàbá wọn, òun ló ń tún ilẹ̀kùn àti fèrèsé ilé ìwòsàn náà ṣe. Alágbàfọ̀ ni ìyá wọn, aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn ló ń fọ̀. Bàbá ni àbíkẹ́yìn wọn.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a sọ èyí. Ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn wá kí wa nílé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ orúkọ Bàbá gàdàgbà sí iwájú wọ́ọ̀dù tí Bàbá kú sí. A ní kí wọ́n wá gba èsì wọn níbi ìsìnkú. Ó wà nínú ìwé yìí. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni orúkọ tí wọ́n ń tọrọ.

Ní ọdún 1952, Bàbá já bọ́ lórí igi, egungun itan wọn sì ṣẹ́. Wọ́n pẹ́ ní wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn àtijọ́ yẹn. Ilé gbọọrọ ni, fèrèsé ńláńlá kọjú síra wọn lọ́tùn-ún lósì, atẹ́gùn á wọlé níbí, á jáde lọ́hùn-ún. Láàárọ̀, àwọn nọ́ọ̀sì á ti ibùsùn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí oòrùn lè kan aláìsàn lára. Bàbá sọ fún wa pé àwọn tó ń kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ nígbà náà gbà pé òórùn burúkú ló ń fa àìsàn. Àṣìṣe ni, kòkòrò ló ń fa ọ̀pọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, fèrèsé tí wọ́n tìtorí àṣìṣe ṣí ṣe aláìsàn lóore. Àwa tí a wá mọ òtítọ́ lónìí, àwa là ń dí fèrèsé.

Bàbá parí ẹ̀kọ́ gírámà ní 1962, wọ́n sì gba oyè ayàwòrán ilé ní 1969. A kò ní to ìwé ẹ̀rí síbí. Wọ́n wà lára ògiri pálọ̀, ẹni tó bá fẹ́ kà wọ́n kó wá.

Ní 1971, Bàbá gbé Màmá wa níyàwó. Aránṣọ ni Màmá. Ọdún kejì rẹ̀ ni Màmá bí àkọ́bí, nínú wọ́ọ̀dù abiyamọ tí Bàbá fúnra wọn yà, tí ìwé ìròyìn ti yìn. Bàbá wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọ́n ní báwo ni ibẹ̀ ti rí.

Màmá ní, "Ṣé ẹ ti dùbúlẹ̀ níbí rí?"

"Rárá o."

"Ẹ dùbúlẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Àjà nìkan ni mò ń wò látàárọ̀. Mò ń gbọ́ ẹyẹ, mi ò rí i. Ẹni tó dúró lẹ ya fèrèsé yìí fún. Ta ló ń dúró nílé ìwòsàn?"

Bàbá nà gbalaja sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, tòun ti táì lọ́rùn. Nọ́ọ̀sì kan wọlé, ó figbe ta: "Yéè! Bàbá ọmọ ti dákú!"

Láti ọjọ́ náà, Bàbá kò fi yàrá kankan sílẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n dùbúlẹ̀ síbi tí ibùsùn máa wà. Àwọn bíríkìlà sọ wọ́n ní Ọ̀gá Dùbúlẹ̀. Wọ́n á ní, "Ẹ gbálẹ̀ o, ọ̀gá fẹ́ sùn!" Bàbá á dáhùn nílẹ̀ẹ́lẹ̀: "Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ń bọ̀ wá sùn síbí."

Ní 1981 ni Bàbá kọ́ wọ́ọ̀dù tí ìgbìmọ̀ fẹ́ kọ orúkọ wọn sí yìí. Fèrèsé rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé ojú ẹni tó sùn. Àgbàlá wà láàárín, igi wà níbẹ̀, àga wà fún ẹbí. Nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ máa ń sọ pé àwọn tó wà létí fèrèsé kì í bèèrè oògùn ìrora léraléra bíi tàwọn yòókù.

Bàbá fẹ́ràn ilé Ọlọ́run, wọ́n sì tún òrùlé ìjọ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn kì í pẹ́ bínú. Ohun kan ṣoṣo ni wọn kò dárí rẹ̀ jì.

Ní 2006, lẹ́yìn tí Bàbá fẹ̀yìn tì, ìgbìmọ̀ fi búlọ́ọ̀kù dí fèrèsé, wọ́n gbé éà, ẹ̀rọ amúlétutù, sí i. Wọ́n gé igi, àgbàlá di ibi tí àwọn ọ̀gá ń gbé mọ́tò sí. Bàbá lọ bẹ̀ wọ́n.

Olùdarí ilé ìwòsàn ní, "Bàbá, éà layé ń lò báyìí."

"Tó bá bàjẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ lọ sinmi, Bàbá."

Ó bàjẹ́. Lọ́dún yìí, kíndìnrín Bàbá dáṣẹ́ sílẹ̀, wọ́ọ̀dù yẹn gan-an ni wọ́n gbé wọn sí, wọ́n kọjú wọn sí búlọ́ọ̀kù. Ooru mú. Nọ́ọ̀sì ń fi páálí fẹ́ wọn, Ọlọ́run á san án fún un. Lọ́sàn-án gangan, Bàbá bi wá pé, "Ṣé ilẹ̀ ti mọ́?" A bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n ti ibùsùn sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní òfin kò gbà á. Ibẹ̀ ni Bàbá kú sí.

A kò sọ pé ògiri ló pa wọ́n. Kíndìnrín ni. Ṣùgbọ́n wọ́n fìyà tí kò yẹ kún ikú wọn.

Bàbá fi Màmá sílẹ̀, àti ọmọ mẹ́ta: èyí tó ń ṣe búrẹ́dì, èyí tó ń kọ́ni níṣirò, àti èyí tó ń wa ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ méje sílẹ̀, àti àbúrò Màmá tí wọ́n tọ́ bí ọmọ.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ ti pe Bàbá ní akọni, ẹ ti pè wọ́n ní òpómúléró. Ẹ ṣeun. Èsì wa ni rárá. Ẹ kò ní fi orúkọ wọn ṣe ògiri yẹn lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹ wó búlọ́ọ̀kù náà. Tẹ́ ẹ bá wó o tán, ẹ kọ orúkọ tó bá wù yín síbẹ̀, a kò ní jà. Ẹ má sì pẹ́, torí bàbá ẹlòmíì ló wà lórí ibùsùn yẹn bí a ti ń kọ èyí.

Ẹ sùn ire, Bàbá. Iṣẹ́ tó kù, ọwọ́ wa ló wà.