Abẹ́rẹ́ Tí Mo Fi Ẹnu Gún

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà ìlú ńlá. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ bá tẹ̀, ire ni yóò bá ọ níbẹ̀. Ara mi le, àyàfi orúnkún tó ń ro mí bí mo bá rẹ́ igi jù. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, n ò sì ní fi pa mọ́ fún ọ.

Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan pè mí lórí fóònù láti ọ́fíìsì ìlera. Mo kí i, mo béèrè àwọn òbí rẹ̀, ó ní òun ò ráyè, pé ṣé ọmọ rẹ tó wà lọ́dọ̀ mi ti gba abẹ́rẹ́ ọ̀fìnkìn líle tọdún yìí. Ẹ gbà mí o! Ẹni tí n ò rí rí ló ń bi mí bóyá mò ń tọ́jú ọmọ ọmọ mi. Ṣé kí n ní rárá, kó máa rò pé ilé aláìbìkítà lòun pè? Mo ní ó ti gbà á. Ó ní ọjọ́ wo? Mo ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo tún fi kún un pé kò sunkún rárá.

Àṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá aránṣọ ẹ̀gbẹ́ ilé wa wí nípa àwọn mẹ́ta tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tíṣà àdúgbò wa náà wí. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ilé tirẹ̀ gbẹ́yìn. Ni ọ́fíìsì ìlera bá fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ pé àdúgbò wa gba ipò kìn-ín-ní nínú abẹ́rẹ́ gbígbà. Èmi káfíńtà ni mo fi ìṣó kàn án mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn, gbogbo èèyàn sì pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí mo wá mú Ọ̀gá Kékeré ọmọ rẹ lọ gba abẹ́rẹ́ gidi, nọ́ọ̀sì ṣí fíríìjì hàn mí, ó ṣófo. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí gbogbo ọmọ wa ti gbà á, ibòmíràn ni wọ́n kó o lọ. Ẹnu òrofó ní í pa òrofó. O sì rántí pé ọ̀fìnkìn èṣí gbé ọmọ yìí dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo pe ọmọbìnrin yẹn padà kó pa á rẹ́, ó ní kọ̀ǹpútà ti gbà á. Kí ni kọ̀ǹpútà mọ̀? Ṣé òun ló ń gbọ́ bí àyà ọmọ ṣe ń dún bó bá sùn?

Èyí tó wá bí mi nínú jù ni pé nọ́ọ̀sì ní wọ́n pe ìwọ náà, o sì ní ó ti gbà á. Ta ló sọ fún ọ? O ò bi mí, o ò bi ọmọ. N ò tilẹ̀ lè bá ọ wí tán, torí ọ̀dọ̀ mi lo ti kọ́ ọ.

Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ èmi àti ọmọ ránṣẹ́ kíákíá, wọ́n ní abẹ́rẹ́ ń bẹ lọ́dọ̀ yín. Má fi sí báǹkì o, ẹ̀rọ wọn gbé káàdì mi mì, mo sì dúró tì í títí kó lè pọ̀ ọ́, kò pọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ń bọ̀ wálé ni kó o fi rán.

Wà á jèrè ọmọ rẹ láṣẹ Ọlọ́run. Bí wọ́n bá tún pè ọ́, sọ pé ọmọ ò tíì gbà á, pé bàbá rẹ ló parọ́. Kí ojú tì mí, kí ọmọ ṣáà máa mí.

Èmi ni bàbá rẹ.