Fóònù Tó Ní Kí N Tún Oògùn Lò

Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Ilé Àwọn Olùkọ́,
Ẹ̀yìn Yunifásítì.
Àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ẹni tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ tó pín fóònù fún ẹ̀yin àgbà àdúgbò yín, pé kó máa rán yín létí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Jẹ́jẹ́ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo bá ṣe sọ ọ́, kó má bu iyọ̀ sí i. Kí n tó kí ọ rárá, pa fóònù yẹn. Ohunkóhun tó bá sọ, má ṣe é.

Ó dáa. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún rẹ tó ń ké bí ilẹ̀kùn ńkọ́? Èmi wà láàyè. Díẹ̀ ló kù kó má rí bẹ́ẹ̀, àyà mi ò sì tíì balẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

O mọ̀ pé ọmọ mi obìnrin ń kọ́ àwọn tó ti gboyè kan tán tí wọ́n tún padà wá gba òmíràn. Wọ́n ń ṣe ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú fóònù àti kọ̀ǹpútà. Òun kọ́ ló ń kọ́ wọn ní ìyẹn. Bí èèyàn ṣe ń ṣe ìwádìí ló ń kọ́ wọn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n ṣe wúlò fún ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Òfin kan wà tí kì í fi ṣeré rárá: bí ẹnì kan bá ń dán iṣẹ́ yín wò, ẹ ò gbọdọ̀ ràn án lọ́wọ́, ẹ ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ẹ ò tiẹ̀ gbọdọ̀ mi orí. Tó bá há, ẹ jẹ́ kó há, kí ẹ kọ ibi tó há sí. Ẹni tó bá lanu ti ba ìdánwò jẹ́, á tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ti ba tirẹ̀ jẹ́ rí, nítorí àánú bàbá arúgbó kan ṣe é. Bí ti Ọjọ́rú yìí bá tún bàjẹ́, kò ní bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gboyè.

Èmi ni wọ́n mú ní Ọjọ́rú. Wọ́n gbé mi jókòó níwájú kíláàsì, wọ́n gbé fóònù lé tábìlì, wọ́n kó súìtì funfun sínú abọ́ kékeré pé kí n fi ṣe oògùn. Jẹ́jẹ́ wá ní, "Màmá, bí ẹ ṣe ń ṣe é nílé gan-an ni kí ẹ ṣe é níbí." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo dì mú. Oògùn mi wà nínú àpò, ọ̀sán ni mo sì máa ń lò ó. Ta ló ń fi súìtì wo ẹ̀jẹ̀ ríru?

Fóònù ní kí n lo oògùn. Mo yọ ọ́, mo gbé e mì, mo tẹ ibi aláwọ̀ ewé tí wọ́n ní kí n tẹ̀. Ọwọ́ mi gbẹ, fóònù ò mọ̀ pé mo tẹ̀ ẹ́. Ó tún ní kí n lò ó. Mo rò pé ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe á mọ̀ jù mí lọ. Mo tún gbé òmíràn mì. Mo gbójú sókè wò wọ́n, kò sẹ́ni tó fọhùn. Bíírò wọn ń ha ìwé bí ẹsẹ̀ adìẹ. Mo ní á jẹ́ pé mo ń ṣe é dáadáa nìyẹn.

Ó tún sọ ọ́. Mo ti fi ẹ̀kẹta sẹ́nu nígbà tí ọmọ mi tó jókòó lẹ́yìn rí ike oògùn tó bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Òun ló ń rà á fún mi, ó mọ̀ ọ́n. Obìnrin tí kì í sáré fún òjò fo àga. Ó ní, "Màmá, ẹ tu ú dànù." Kí n tó mọ̀, ìka rẹ̀ ti wà lẹ́nu mi.

Gbọ́ ohun tí akọ̀wé mi yìí sọ. Ó ní, "Mà, ẹ ti ba ìdánwò mi jẹ́." Ó fẹ́ fo ibẹ̀ yẹn bó ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, mo ní kó padà síbẹ̀.

Ojú mi ti ń ṣú. Mo bi wọ́n pé, "Ṣé gbogbo yín rí i pé oògùn gidi ni mò ń gbé mì?" Ọmọbìnrin kan tó wà nítòsí dáhùn pé, "A rí i, Màmá. A tiẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé."

Àbúrò mi, mo ti sin ọkọ, ilé ti jóná lójú mi rí, n ò gbọ́ irú èyí rí. Wọn kì í sì í ṣe ìkà. Nígbà tí mo ṣubú, ọmọbìnrin yẹn náà ló fi itan rẹ̀ ṣe ìrọ̀rí fún mi títí ọkọ̀ fi dé. Ohun tí wọ́n kọ́ wọn ni wọ́n ṣe. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Dókítà ní ká ní ẹ̀kẹta wọlé ni, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ. Ọmọ mi jókòó ti bẹ́ẹ̀dì mi, ó ń sunkún. Ó ní, "Mo kọ́ wọn ní ìgbà tí wọn ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. N ò kọ́ wọn ní ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀." Mo ní kó lọ kọ́ wọn, kó yé da omijé sí mi láṣọ.

Ó lọ lánàá. Ó sọ fún wọn pé láti ìsinsìnyí, ìdánwò kankan ò ní bẹ̀rẹ̀ láìsí ẹnì kan níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó dá a dúró bí nǹkan bá fẹ́ bàjẹ́. Jẹ́jẹ́ bẹ̀ ẹ́ bóyá òun lè yọ ọ̀rọ̀ oògùn kúrò nínú iṣẹ́ òun. Ọmọ mi ní rárá, kó kọ gbogbo rẹ̀, kó kọ ọ́ pé olùkọ́ rẹ̀ ló dá a dúró, kó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń sọ ìyẹn ni òógùn ti bo ọmọ náà. Ó rántí pé òun ti pín irú fóònù kan náà fún yín ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìrọ̀lẹ́ òní ni yóò sì kọ́kọ́ bá yín sọ̀rọ̀. A ti ń pè ọ́ láti àná, fóònù rẹ ò lọ.

Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé lẹ́tà yìí bọ̀, òun ni yóò kó àwọn fóònù náà padà. Ó ní òun á fẹnu ara òun sọ ọ́ fún yín. Mo ní ẹnu jẹ́jẹ́ yìí, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó kan ọ̀rọ̀ gan-an. Bá mi kí ọkọ rẹ àti gbogbo ilé. Fún ọmọ yìí lóúnjẹ, ebi ń pa á, ó ń tijú.

Bí o bá ti kà á tán, ọ̀dọ̀ ìyá aránṣọ tó gba fóònù náà bíi tìẹ ni kí o kọ́kọ́ lọ. Òwú ti mú ọwọ́ rẹ̀ gbẹ bíi tèmi, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn, kò ní bá fóònù jiyàn. Lẹ́yìn rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Bó bá ń sùn, jí i. Ẹnikẹ́ni tí o bá bá níbi tó ti ń gbé oògùn sẹ́nu nínú wọn, má dúró wò ó. Pariwo.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ṣì wà láyé ni.
Àtàǹpàkò mi nìyí.