Pákó Kan Tí Òróró Ṣì Wà Lára Rẹ̀

                                        Ilé Kẹrìnlá,
                                        Ibùgbé Àwọn Olùkọ́,
                                        Auckland Park,
                                        Johannesburg.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2009.

Bọ́láwùmí, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ọkọ̀ ojú omi tí Bọ̀ọ̀dá Gbóyèga fi igi kàn ti kúrò ní Johannesburg láàárọ̀ àná. Titus, tí èmi àti ẹ̀ jọ ń ṣe ìjọ kan náà, ló bá wa gbé e wọ bàálù lọ sí Èkó. Inú páálí ni mo dì í sí, mo sì fi aṣọ wé e yíká.

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ń kọ́, ṣé ara wọn ti mókun lẹ́yìn ibà yẹn? Àwọn ọmọ ń kọ́? Mo kí ọ kú ìtọ́jú Màámi, mo sì kí ọ kú ọ̀fọ̀ tó ṣẹ gbogbo wa. Oṣù méjì ó lé ọjọ́ mẹ́jọ rèé tí ẹ̀gbọ́n wa ti lọ, a ò sì tíì mọ bí a ṣe lè kí ara wa tí kò ní dà bí ẹni pé a ti gbàgbé wọn. Ara èmi le. Aǹtí Tẹjúmádé, ìyàwó wọn, ti padà sẹ́nu iṣẹ́ láti oṣù tó kọjá.

O sọ fún mi lórí fóònù pé Màámi kò gbàdúrà mọ́. Pé láti ìgbà tí a ti túfọ̀ fún wọn ni wọ́n ti kó ìgò òróró àti àbẹ́là wọn sínú àpótí, tí ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń sọ kò ju pé inú ń bí ọmọ àwọn sí àwọn títí tó fi kú. O bi mí bóyá òótọ́ ni. Mi ò lè dá ọ lóhùn lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe òótọ́, ṣùgbọ́n àlàyé rẹ̀ gùn ju ohun tí mo lè sọ lórí fóònù láìsunkún lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí o lè kà á fún wọn.

O mọ̀ pé oṣù kìíní ọdún yìí ni rọpárọsẹ̀ kọlu Bọ̀ọ̀dá, tí ọwọ́ ọ̀tún wọn kú. Obìnrin tó ń tọ́jú ọwọ́ náà nílé ìwòsàn ní kí wọ́n wá iṣẹ́ ìka kan máa ṣe, ó sì fún wọn ní bọ́ọ̀lù rọ́bà pé kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́. Bọ̀ọ̀dá tẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Wọ́n ní ẹni tó ti kọ́ afárá mẹ́fà kò lè jókòó máa fún bọ́ọ̀lù bí ọmọ ọwọ́ tó ń wá ọmú. Ni Aǹtí Tẹjúmádé bá wà wọ́n lọ sí ilé ìtajà ńlá kan ní Fourways, nítòsí ilé wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ra páálí kan tí àwòrán ọkọ̀ ojú omi olópòó mẹ́ta wà lára rẹ̀. Igi wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú okùn, ìṣó idẹ tí kò ju abẹ́rẹ́ lọ, àti ìwé tó ń júwe bí èèyàn yóò ṣe tò ó pọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí náà pé kì í ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Bọ̀ọ̀dá kò kan àpótí ìjókòó rí láyé wọn.

Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo ń lọ bá wọn. Èmi ni ọwọ́ ọ̀tún. A kọ́kọ́ to egungun ìhà ọkọ̀ náà sódì, ti iwájú lọ sẹ́yìn, ọ̀sẹ̀ kẹta la tó mọ̀. Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Túndé, má sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ mi o. Wọ́n á lọ tún gbogbo afárá mi yẹ̀ wò."

Ìparí oṣù kejì ni Màámi dé láti Iléṣà, pé àwọn ó lo oṣù mẹ́ta. Wọ́n á jókòó tì wá, wọ́n á máa bi wá pé kí ni àgbàlagbà méjì ń fi ohun ìṣeré ṣe. Nígbà tí a ṣàlàyé pé nítorí ọwọ́ ni, wọ́n wo igi náà pẹ́.

Iṣẹ́ tó kàn nígbà náà ni ti pákó tí a ó fi bo egungun. Ọgọ́ta ni, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, kò sí èyí tó fẹ̀ ju ìka ọmọdé lọ. A ó rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná kó lè tẹ̀, a ó fi gúlúù lẹ̀ ẹ́, a ó fi ìṣó gún un, èmi á wá dì í mú títí yóò fi gbẹ. Ní Sátidé tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹta, a lẹ mọ́kànlá. A rí i pé omi ń yọ̀ lára pákó, a ò fura. Inú Bọ̀ọ̀dá dùn débi pé wọ́n ní kí a ya fọ́tò. Nígbà tó fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, mẹ́sàn-án ti ṣí, wọ́n nà ró lára ọkọ̀ bí irun tí kò gba òòyà. Bọ̀ọ̀dá pè mí, mo sì sáré lọ. Ìṣojú mi ni wọ́n ṣe mú ọ̀kan, tí wọ́n gbóòórùn rẹ̀, tí wọ́n nà án sí Màámi. Òróró ólífì ni.

Inú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì la wà. Ní ìdájí kan, Màámi ti to gbogbo pákó náà síwájú àbẹ́là, wọ́n fi òróró àdúrà pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo ọgọ́ta, pé ohun tí ọwọ́ ọmọ àwọn bá fẹ́ kàn kó di ìwòsàn fún un. Wọn kò sọ fún ẹnì kan.

Bọ̀ọ̀dá ní, "Màámi, ẹ ti bà á jẹ́. Kò sí ohun tí mo ní tí ẹ kì í fi òróró pa. Ẹ jẹ́ kí n ní nǹkan kan tó jẹ́ tèmi."

Màámi ní, "Mo fẹ́ kí ọwọ́ rẹ yá ni, Gbóyè."

"Ọwọ́ yìí kò ní yá. Ẹ lọ gbàdúrà fún ẹlòmíràn."

Ẹyin lohùn. Màámi lọ jókòó sí kíṣìnnì. Kí Àjíǹde tó dé, wọ́n ti ní kí a yí ọjọ́ ìrìnàjò wọn padà. Èmi ni mo gbé wọn lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Bọ̀ọ̀dá kò bá wa lọ. Níbi tí iná ojú pópó, tí wọ́n ń pè ní róbọ́ọ̀tì níbí, ti dá wa dúró, Màámi bi mí bóyá sáńpépà lè bó òróró kúrò lára igi. Mo ní ó ṣeé ṣe. Wọ́n ní, "Sọ fún un."

Ibi tí ẹ̀yin mọ̀ mọ nìyẹn. Èyí tó kù ni mo fẹ́ kí Màámi gbọ́.

Mo sọ fún Bọ̀ọ̀dá. Nígbà tí mo padà dé ní Sátidé kejì, wọ́n ti fi áńkáṣíìfù di ọwọ́ ọ̀tún wọn mọ́ ègé igi kan tí wọ́n fi sáńpépà wé, wọ́n ń ha pákó. Wọn ò jẹ́ kí n bá wọn ṣe é. Ọjọ́ kan, pákó kan. Ní oṣù kẹfà, àtàǹpàkò jí. Ní oṣù keje, wọ́n fi ọwọ́ náà gbé ife tíì. Obìnrin ilé ìwòsàn yẹn yí ọwọ́ náà síwá sẹ́yìn, ó ní, "Eish, Baba, kí lẹ ń ṣe nílé?" Ó ní bọ́ọ̀lù òun kò lè ṣe èyí lọ́dún kan. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kí Bọ̀ọ̀dá tó yíjú sí mi nínú ọkọ̀. Wọ́n wá ní, "Ká ní kò sí òróró yẹn, ǹ bá má fọwọ́ kan sáńpépà láyé. Túndé, Màámi rí ohun tí wọ́n tọrọ gbà."

Mo ní kí wọ́n pe Màámi. Wọ́n ní rárá, ọ̀rọ̀ tí àwọn fojú kojú sọ, àwọn kò ní fi fóònù tọrọ àforíjì rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ó parí ọkọ̀ náà, àwọn ó gbé e wá sí Iléṣà ní Kérésìmesì, àwọn ó dọ̀bálẹ̀, àwọn ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e fún wọn. Kò sí ọmọ tó ń fi ọwọ́ òsì bun ìyá rẹ̀ ní nǹkan. Ó yẹ kí èmi pè nígbà náà. Èmi náà jókòó, mo ń dúró de Kérésìmesì. Àṣìṣe tèmi nìyẹn, kà á fún Màámi bẹ́ẹ̀.

Mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni Bọ̀ọ̀dá ha. Wọn kò ha ìkẹyìn, wọ́n fi í sílẹ̀ pẹ̀lú òróró rẹ̀. Gúlúù kò mú un, nítorí náà wọ́n fi ìṣó idẹ mẹ́rin àti òwú dè é mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló wà, ìkejì láti òkè. Wọ́n ní kí Màámi lè fọwọ́ kàn án, kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀, kí wọ́n mọ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹsàn-án, òpó méjì ti dúró. Ẹ̀kẹta wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì nígbà tí àrùn náà padà dé. Mi ò ri òpó náà mọ́lẹ̀. Mi ò ta ìgbòkun. Bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ ni mo ṣe fi í ránṣẹ́, mo sì fi okùn so òpó kẹta mọ́ ara páálí.

Tí páálí náà bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, má ṣí i. Jẹ́ kí Màámi fúnra wọn ṣí i, kí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kọjú sí wọn. Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Aǹtí Tẹjúmádé ní kí n kí gbogbo yín. Roseline tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń bọ̀ wá sí Èkó lọ́jọ́ Ẹtì, òun ni yóò mú lẹ́tà yìí wá.

Titus pè mí láàárọ̀ yìí. Ó ní páálí náà dé Èkó láyọ̀, omi kò kàn án, ṣùgbọ́n nígbà tí òun gbé e, nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń yí nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé okùn òpó kẹta ló já. Ó sì lè jẹ́ pákó tí òróró wà lára rẹ̀ yẹn ló tú. Mo ní kó la etí páálí náà díẹ̀, kó wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kó sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún mi èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì. Aago mẹ́rin ọ̀sán ti lù báyìí, kò tíì fèsì.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ṣẹ́kù,
                                        Akíntúndé.